Tíkẹ́ẹ̀tì Àbọ̀ Tí Mo Rà fún Mummy

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ fún ìyá mi nígbà kan, tí mi ò ní in lọ́kàn rárá pé kí wọ́n lò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di òpùrọ́. Mo kàn ń fi "fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn tu ara mi nínú ni o. Òpùrọ́ ni mo jẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, èmi tí mò ń bú ọkọ mi tó bá ní òun ti dé ìta nígbà tó ṣì wà ní Catford.

Ọmọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà náà. Mummy ti wá láti Ìbàdàn kí n tó bímọ, a sì jọ wà nínú fúláàtì oníyàrá méjì wa ní Peckham, ní London, níbi tí ẹni tó bá sín ní báluwẹ̀, ẹni tó wà ní kíṣìnì ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti gbé ọmọ dé láti ọsibítù ni Mummy ti ń wẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀, wọn á jókòó sórí àpótí kékeré kan ní báluwẹ̀, wọn á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn á da ọmọ dojú bolẹ̀ sórí ẹsẹ̀, wọn á sì fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bò ó bí ẹni tó ń fọ ìkòkò tí ọbẹ̀ jó mọ́. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọn á fi òrí pa á lára, wọn á nà án lápá, wọn á nà án lẹ́sẹ̀, wọn á sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnura lọ́wọ́, bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ tèmi nìyẹn: aṣọ ìnura. Mi ò tíì wẹ ọmọ mi rí, àní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ tí mo fi inú mi gbé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí omi bá ti kan ara rẹ̀, ó máa ń yọ̀ bí ẹja, ojú mi á sì ti máa rí bó ṣe ń já bọ́ lọ́wọ́ mi kó tó dé ọwọ́ mi rárá. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wá nílé bi mí nígbà kan pé báwo ni ìwẹ̀ ọmọ, mo ní ó ń lọ dáadáa. Mi ò purọ́. Ó ń lọ dáadáa lóòótọ́. Kò bi mí pé ta ló ń wẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Brussels pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, oyún rẹ̀ kejì sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ohun tí èmi àti ẹ̀ jọ sọ lórí fóònù ni pé tí Mummy bá ti ṣe tiwọn lọ́dọ̀ mi, wọn á wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun lọ bá a, wọn á wẹ ọmọ tiẹ̀ náà, wọn á sì ti ibẹ̀ wọ bàálù padà sílé lọ bá Bàbá wa, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wà agolo ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti rìnrìn àjò. Èmi ni màá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, òun á ra ti bàálù. Àlọ nìkan ni Mummy nílò. Kò sí àbọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo jókòó, mò ń fún ọmọ lọ́yàn, mò ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì wá tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Mo tẹ àlọ nìkan. Iye tí mo rí mú kí n fa ọmú yọ lẹ́nu ọmọ láìmọ̀. Mo ní fóònù ló ṣìṣe. Mo tún un tẹ̀, iye kan náà ni. Mo wá tẹ àlọ àti àbọ̀, kí n kàn fi mọ bí ìyà ẹni tó ń padà bọ̀ ṣe máa pọ̀ tó, ni mo bá rí i pé àlọ àti àbọ̀ dín sí àlọ nìkan. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa, torí èmi, ó pẹ́ kó tó yé mi, pẹ̀lú gbogbo gírámà tí mo kà. Ẹni tó máa jókòó lórí àga wọn lẹ́ẹ̀mejì, owó tiẹ̀ kéré sí ti ẹni tó máa jókòó lẹ́ẹ̀kan.

Mo jí ọkọ mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó sì ń fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sùn lórí àga.

"Daddy wa, ẹ wo nǹkan."

Ó la ojú kan. "Kí ni mò ń wò?"

"Àlọ nìkan wọ́n ju àlọ àti àbọ̀ lọ."

"Ra àlọ àti àbọ̀. Ká ju àbọ̀ nù."

"Ṣé wọn ò ní mú wa?"

"Wọ́n fẹ́ mú ẹ torí pé ìyá ẹ ò padà? Ṣé wọ́n máa lọ gbé Mummy nílé àbúrò ẹ ni?"

Ó pa ojú náà dé. Nínú ilé wa, ọkọ mi ni lọ́yà, ojú kan ṣoṣo ló sì fi ń ṣe é.

Wọ́n ní kí n mú ọjọ́ àbọ̀. Kò sí ọjọ́ kankan lọ́kàn mi, mo bá mú èyí tó dín jù, Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn àlọ, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ mú àga. Mo mú àga, mo mú ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ bi mí pé kí ni ẹni tí kò ní wọkọ̀ fẹ́ fi fèrèsé ṣe. Mi ò mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ká ní inú fóònù ni mo fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Mummy ò gba ohun tó wà nínú fóònù gbọ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí wọn ò bá sì rí lórí bébà, lójú tiwọn, kò tíì ṣẹlẹ̀. Mo bá pọn ọmọ, mo lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Rye Lane, òpópónà ọjà wa, tí wọ́n ń tún fóònù ṣe níwájú, tí wọ́n ń ta wíìgì lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń tẹ ìwé láàárín. Ọkùnrin ibẹ̀ bi mí pé ṣé gbogbo rẹ̀ ni kí òun tẹ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Ẹnu mi yìí náà ni. Bébà méjì jáde, àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀, ó ṣì ń gbóná.

Nígbà tí mo délé, Mummy fi awò ojú wọn sí i. Wọ́n ka èkíní láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Wọ́n ka èkejì. Wọ́n yọ awò náà.

"Ìyá Ìkókó, mò ń padà bọ̀ ni?"

Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ò ju pé, "Rárá o, Mummy, ó kàn dín lówó ni." Mo tiẹ̀ la ẹnu. Ṣùgbọ́n Mummy ti ń fi etí ìborùn nu ojú.

"Èmi rò pé ẹ fẹ́ sinmi lọ́wọ́ mi ni. Mò ń sọ fún ara mi pé, oṣù mẹ́rin nínú ilé tí ò tó nǹkan yìí, mo ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn, wọ́n kàn ń tì mí sọ́dọ̀ ẹnìkejì ni. Àṣé ẹ ti ń ro bí màá ṣe padà wá. Ẹ ṣeun. Allah á jẹ́ kí ọmọ tiyín náà máa wá yín."

Mo ní, "Àmín, Mummy."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí lẹ̀ bá sọ? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́n jù mí lọ.

Mo sọ fún ara mi pé tó bá dalẹ́ màá sọ fún wọn. Nígbà tó dalẹ́, mo ní tó bá dàárọ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́, Mummy ti sọ fún ará ilé òkè. Ìyàwó tó ń ta ẹja ní Rye Lane bi wọ́n níwájú mi pé, "Mummy, wọ́n ní ẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ, mò ń bọ̀. Ọmọ mi ti ra àbọ̀ mi sílẹ̀. Bá mi fi orí ẹja tó dáa pamọ́ o, mi ò ní pẹ́."

"Háà! Ọmọ dáadáa lẹ bí."

Ọmọ dáadáa náà ń wo ẹja bí ẹni pé òun ni wọ́n fẹ́ gé lórí.

Ti mọ́ṣáláṣí ló burú jù. Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, àwọn ìyá ní kí n wá síwájú kí wọ́n ṣàdúà fún mi, torí mo ra àbọ̀ fún ìyá mi láìjẹ́ pé Mummy béèrè. Ìyá àgbà kan yíjú sí ọmọ tiwọn tó jókòó tì wọ́n, wọ́n ní, "O gbọ́? O gbọ́ ohun tí ẹlẹgbẹ́ ẹ ṣe?" Ọmọ yẹn wò mí bí ẹni pé mo jí i lápò. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé òun sàn jù mí lọ. Mo kàn ń tẹrí ba, mò ń ṣe àmín. Àmín yẹn pọ̀ débi pé mo rò pé ó máa tó borí ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àbúrò mi pè mí. Kò kí mi.

"Ta ló sọ fún Mummy pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ mi?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Ìwé ni wọ́n kà."

"Ìwé wo? Ìwọ lo ra ìwé! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé o fẹ́ gba Mummy mọ́ mi lọ́wọ́ ni? O ti lò wọ́n fún oṣù mẹ́rin. Èmi, ikùn mi ti wọ yàrá kí n tó wọlé, ìwọ ń ra àbọ̀."

"Ó dín lówó ni. Màá sọ fún wọn."

"Wọ́n ní ọmọ kejì ni tèmi, wọ́n ní mo ti mọ ọ̀nà! Ọ̀nà wo? Tí ìwọ ò bá sọ, èmi máa sọ."

"Má sọ, jọ̀ọ́. Ẹnu mi ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́."

"Lọ gbọ́n ẹnu ẹ nù kó lè jáde, torí ọ̀rọ̀ ti há síbẹ̀."

Ó já fóònù mọ́ mi létí. Àbúrò tí mo fi ọdún mẹ́ta jù. Lóyún tàbí láìlóyún, kò yẹ kó gbó mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jàre ẹjọ́ náà.

Ohun tó wá ń tì mí lójú jù láti kọ sílẹ̀ nìyí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn gbọ́. Mummy ní kí n má yọra mi lẹ́nu lórí ìwẹ̀ ọmọ, pé tí àwọn bá padà dé àwọn á fara balẹ̀ kọ́ mi. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ni, màá máa fi aṣọ tútù nu ọmọ lára títí wọn á fi dé. Mo tiẹ̀ ti lọ ra àwọn aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń nu ọmọ, odindi páálí kan. Mo ń tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn: ta ló ń bọ̀? Èmi tí mo ra àbọ̀ láti jù ú nù, èmi náà ni mò ń ka ọjọ́ dè é.

Nígbà tí ó ku ọ̀la tí wọn á lọ, Mummy di ẹrù. Wọ́n pín in sí méjì: èyí tó ń lọ àti èyí tó ń dè wọ́n. Bàtà ilé wọn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rá òrí dúró lórí fèrèsé báluwẹ̀. Wọ́n fi kànrìnkàn kọ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n ní, "Máa dè mí níbẹ̀." Kànrìnkàn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ o. Aṣọ méjì tí wọ́n rà fún Bàbá wa, wọ́n kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù wa.

Mo wo gbogbo rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ padà dé Ìbàdàn láìní bàtà ilé àti láìní ẹ̀bùn ọkọ wọn, nítorí pé mi ò lè la ẹnu. Mo bá ṣe ohun tí ojo máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ń kírun àsárì, mo kó gbogbo rẹ̀ padà sínú báàgì onítáyà wọn, lábẹ́ aṣọ, mo jókòó lé e kí síìpù tó lè pa dé. Mo ní wọ́n á rí i tí wọ́n bá débẹ̀. Èmi àti òkun á ti wà láàárín ara wa nígbà yẹn.

Láàárọ̀, mo yára bá wọn po omi gbígbóná, wọ́n wẹ ọmọ pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Wọ́n ní, "Kànrìnkàn mi dà?" Mo ní mo ti sá a. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìnura ni mo ti pa irọ́ yẹn, níbi iṣẹ́ mi. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ tiẹ̀. Èmi, Mummy, ọmọ ní àyà mi nínú báàgì ìgbọ́mọ, àti báàgì onítáyà tó wúwo bí ẹni tó mọ àṣírí, a wọ bọ́ọ̀sì 63 lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin tó wà ní St Pancras. Mummy jókòó lójú fèrèsé, wọ́n ń juwọ́ sí Peckham. "Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni wọ́n ń sọ fún ìlú náà.

A tò sórí ìlà. Ìlà yẹn gùn, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní tí a bá dé ibi òpó yẹn, màá sọ. A dé ibẹ̀. Mo ní tí a bá kọjá obìnrin tó wọ kóòtù pupa yẹn. Obìnrin náà àti àwa jọ ń rìn ni, a ò lè kọjá rẹ̀. Òtútù sì mú Mummy.

"Jẹ́ kí n mú súwẹ́tà mi."

"Mummy, ẹ gba tèmi."

"Tìẹ kọ́ ni mo sọ." Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa síìpù.

Ohun tí ó jókòó sókè pátápátá ni kànrìnkàn. Lábẹ́ aṣọ ni mo fi sí, mo lè búra, ṣùgbọ́n ó ti gun òkè wá.

"Kí ni kànrìnkàn mi ń wá níbí?"

Mo gbé ojú sókè. Òrùlé ibùdókọ̀ yẹn ga, ó dára wò.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó máa dè mí."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n fa òrí jáde. Wọ́n fa bàtà ilé kan jáde, wọ́n fa ìkejì. Wọ́n rí aṣọ Bàbá wa. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, bàtà ní ọwọ́ kan, kànrìnkàn ní ìkejì, wọ́n wò mí.

"Gbogbo ohun tí mo fi sílẹ̀ ló tẹ̀ lé mi. O ń lé mi lọ."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wà láyà mi, mo sì há sáàárín báàgì àti okùn tí wọ́n fi pààlà fún ìlà, ìdajì ìkúnlẹ̀ ni mo rí ṣe, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Òyìnbó ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá a.

"Mi ò lé yín, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́. Àlọ nìkan ni mo fẹ́ rà. Àlọ àti àbọ̀ ló dín sí i. Mo rà á láti ju àbọ̀ nù ni, ọjọ́ tó wà níbẹ̀, mo kàn mú un ni. Ẹ máa wà lọ́dọ̀ àbúrò mi títí, ẹ máa ti ibẹ̀ lọ sílé. Kò sí àbọ̀, Mummy."

Wọ́n ronú sí i bí ìṣirò tí ọmọ kan ṣe níwájú bọ́ọ̀dù.

"Àlọ àti àbọ̀ dín sí àlọ nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ṣe ìṣirò yẹn?"

"Àwọn ọlọ́kọ̀ ni."

"Ọjọ́ mọ́kànlá," ni Mummy wí. Ohùn wọn ò lọ sókè. Ì bá sàn fún mi ká ní ó lọ. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé mò ń bọ̀. Mi ò dágbére fún ẹnì kankan. Mo ní kí wọ́n bá mi fi orí ẹja pamọ́. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Inú yín dùn."

"O wá ń wò ó kó máa dùn lásán?"

"Tèmi náà ń dùn, Mummy. Mo ti ń kà á pé ẹ ń bọ̀." Omi bọ́ lójú mi sórí orí ọmọ. Ó gbé ojú sókè láti mọ ibi tí òjò ti ń wá.

Ìlà náà gbé bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin, Mummy ń bá a lọ. Wọ́n kàn ń fi ẹsẹ̀ ti báàgì síwájú, bàtà yẹn ṣì wà lọ́wọ́. Mo ti gbà pé báyìí ni a ṣe máa pínyà, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fọwọ́ mi fà á. Wọ́n wá wo ọmọ.

"Ta ló máa wẹ̀ ẹ́ lọ́la?"

"Èmi ni."

"Ìwọ wo? Ìwọ aláṣọ ìnura?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí nínú ẹkún. Mummy náà rí i, wọ́n sì di ojú wọn mú kó má tú.

"Jókòó."

"Níbo, Mummy? Orí ìlà la wà."

"Mo ní kí o jókòó. Na ẹsẹ̀."

Mo jókòó sórí báàgì onítáyà. Mo na ẹsẹ̀ ní àárín ibùdókọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá; Mummy ń fọwọ́ ṣe wọ́n bí ẹni tó ń darí ọkọ̀, "Please, go, go." Wọ́n yọ ọmọ nínú báàgì ìgbọ́mọ, wọ́n dà á dojú bolẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi.

"Ọwọ́ òsì rẹ dà? Abẹ́ igbá àyà rẹ̀ ni ó ń gbé. Kì í ṣe ọrùn. Ṣé o fẹ́ fún un lọ́rùn ni? Ẹ̀n-ẹ́n. Ìka yìí àti ìka yìí, sí abẹ́ apá. Ó lè yọ̀ báyìí?"

"Kò lè yọ̀."

"Kò lè yọ̀. Gba kànrìnkàn. Ẹ̀yìn lákọ̀ọ́kọ́. Wọ ìsàlẹ̀. Má rọra ṣe bí ẹni tó ń nu dígí, ọmọ ni. Yí i padà. Orí rẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Omi wá láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, kó má wọ ojú. Bu omi."

Kò sí omi. Mo bu omi. Mo fi ọwọ́ òfìfo bù ú láti ilẹ̀ St Pancras, mo dà á lé ọmọ mi lórí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kóòtù pupa ti yíjú padà, ó ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ.

"Tún un ṣe," ni Mummy wí.

A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọn ò fọwọ́ kàn mí.

Òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé wá bá wa, ó ní ká jọ̀ọ́, àsìkò ń lọ. Mummy gbé ọmọ, wọ́n sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi ẹnu sí etí rẹ̀, wọ́n ṣàdúà tó gùn, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìdágbére nìyẹn. Ká ní mi ò la ẹnu, à bá má ṣe é. Wọ́n kó òrí àti bàtà sínú báàgì. Kànrìnkàn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Mú àbọ̀ mi wá."

Mo yọ bébà kejì. Wọ́n fi awò ojú sí i, wọ́n tún un kà látòkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lo mú fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ṣé." Wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi padà sí mi lọ́wọ́. "Má jù ú nù." Wọ́n fa báàgì wọn, wọ́n wọlé. Wọ́n bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe láti juwọ́. Wọ́n fi ọwọ́ òsì hàn mí bó ṣe yẹ kó wà lábẹ́ àyà ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sórí àpótí ní báluwẹ̀. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnura lọ́wọ́. Ó ti gba iṣẹ́ mi. Ó ní, "Ṣé kí n pe ẹnì kan?" Mo ní ta ló fẹ́ pè, ṣé panápaná ni? Omi àkọ́kọ́ tutù jù, ìkejì gbóná jù, nígbà tí mo fi rí èyí tó dára, ọkọ mi ti ń làágùn. Mo fi ọwọ́ òsì sí abẹ́ àyà ọmọ. Ọmọ ké bí ẹni tí wọ́n jí gbé. Kò yọ̀. Ọṣẹ wọ̀ mí lójú, kò wọ̀ ọ́ lójú. Ìwẹ̀ tí Mummy ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe, mo lò tó wákàtí kan, ìdajì omi náà sì wà lára mi. Mi ò sọ ọ́ sókè o. Mo kàn gbé e sókè díẹ̀, mo rọra gbé e sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

Àbúrò mi bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ó pè mí, ó bú mi pé mo gba kànrìnkàn ọmọ òun, ó tún wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lábẹ́ èébú náà. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ẹlẹ́ja, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n gba orí ẹja náà, kí n máa lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó wà lórí bébà náà dé. Mi ò sọ fún ẹnì kankan pé mo rántí. Mo ti lẹ ìwé àbọ̀ yẹn mọ́ ilẹ̀kùn báluwẹ̀, omi ti ń jẹ etí rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, mo ti da ọmọ sórí ẹsẹ̀, fóònù dún. Ojú Mummy ló yọ, tóbi, iwájú orí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn fóònù ti ìgò ọṣẹ.

"Ìyá Ìkókó, ọkọ̀ mi ti gbéra."

Kọ́tìnì yàrá àbúrò mi ni mo rí lẹ́yìn wọn, mo bá bá wọn wọ ọkọ̀ náà. "Ẹ jókòó dáadáa, Mummy. Ṣé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni?"

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Mò ń rí màlúù. Ọwọ́ òsì ẹ dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo rí i. Wọ ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn etí rẹ̀ ò tíì mọ́. A ti wọ abẹ́ òkun báyìí o, ó ṣókùnkùn."

"Ẹ má bẹ̀rù."

"Ta ló ń bẹ̀rù? Yí i padà. Iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ̀n-ẹ́n. Omi yẹn kéré, bù ú dáadáa, ṣé Peckham ò lómi mọ́ ni?"

Mo bù ú dáadáa. Ọmọ mi rí ojú ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́yìn ìgò ọṣẹ, ó ń na ọwọ́ sí i, ó ń tapá. Ó yọ̀ díẹ̀. Mo mú un.

"Ẹ ti dé ibo, Mummy?"

"A ti dé. Mo ti..." Ọmọ tuntun àbúrò mi ké níbẹ̀, ohùn rẹ̀ gba gbogbo fóònù. Mummy ní, "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀," òun ni wọ́n ń dá lóhùn. Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀ síbì kan, àjà yàrá àbúrò mi nìkan ni mò ń rí, funfun, pẹ̀lú gílóòbù kan. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aláṣọ ìnura ti lọ síbi iṣẹ́, mo bá na ọwọ́ ọ̀tún, mo fà á fúnra mi, mo wé ọmọ mi.